Owó Orí Bàbá Ráliátù Ni Mo Fi Ra Orúkọ Rere fún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Èmi náà máa ń kà á. Màá ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, màá pòṣé, màá ní, irú èèyàn wo lèyí? Lónìí, èmi ló kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pòṣé fún mi, ó tọ́ sí mi, àmọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ju ìwé yìí nù.

Ohun tí mo ṣe ti pẹ́ díẹ̀. Mo gbé e mì, mo sì rò pé ó ti dà nínú mi. Kò dà. Lọ́jọ́ kan báyìí, kò tíì pẹ́, ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní ìjọba ti dá owó orí tí òun san lé, èyí tó ju iye tó yẹ lọ, padà fún òun. Ó ń jó ní pálọ̀. Mo wo owó náà lójú fóònù, mo sáré lọ sí balùwẹ̀, mo bì.

Ọkọ mi ò san owó orí kankan. Owó ẹlòmíràn ni. Èmi ni mo jí i fún un, èmi ni mo sì mọ ẹni tó ni ín. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Mi ò lè máa bì lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ọ̀tà. Abọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àga oníke, gbogbo rẹ̀ la ń ṣe. Èmi ni mo ń ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Bí oṣù bá parí, màá yọ owó orí lára owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ á kó o ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀, èmi á sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ni ín tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wa kì í wo orúkọ. Bí iye owó bá ti bára mu, ó parí lọ́dọ̀ tiẹ̀. Orúkọ tí mo bá sì kọ ni ìjọba mọ̀ pé ó sanwó.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ níbẹ̀ ni Bàbá Ráliátù. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é gan-an nìyẹn o, mi ò fẹ́ kí ẹ dá a mọ̀ ni. Ẹ rí i, mo tún ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ará Ẹdẹ ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Iná ẹ̀rọ ti jó o ní ìka kan rí, síbẹ̀ kì í pa iṣẹ́ jẹ. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Rájí. Ara Rájí ò yá, ó fẹ́ padà sílé, kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́. Ó gbé káàdì iṣẹ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó ní kó máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọ̀tà mọ̀ pé kì í ṣe tuntun. Ní àwọn iléeṣẹ́ wa, bí ẹ̀gbọ́n bá ń ṣàìsàn, àbúrò á gbé káàdì rẹ̀ wọlé. Bí obìnrin bá bímọ, àbúrò rẹ̀ á lọ bá a di ààyè mú kí wọ́n má baà gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì kì í wo fọ́tò, orí ló ń kà. Bí Bàbá Ráliátù ṣe di Rájí nìyẹn. Wọ́n á pe Rájí, á dáhùn. Wọ́n á bú Rájí, á gbà á.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, ẹ̀rù bà á. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kọ́ ni Rájí. Ọkàn mi rọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá pé Rájí ti lọ, pé àbúrò rẹ̀ ló kù, ó sì mọṣẹ́ jù ú lọ. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ káàdì fún un. Mo fi orúkọ rẹ̀ gan-an síwèé. Mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ oore yẹn sílẹ̀ fún mi, torí ẹ ò ní rí òmíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Látìgbà náà, ibi tó bá ti rí mi ló ti ń dọ̀bálẹ̀. Á ní, “Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ dá orúkọ mi padà fún mi.”

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọkọ mi. Kọngílá kékeré ni. Ó ń gbẹ́ gọ́tà, ó ń kan bẹ́ǹṣì fún iléèwé. Kò san owó orí rí láyé rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní o. Ó ń ra bàtà aláwọ tí iye rẹ̀ tó owó orí ọdún kan. Bí mo bá ní kó lọ san án, á ní, “Owó orí kẹ̀? Ṣé o ò rí títì wa ni? Kí wọ́n kọ́kọ́ dí kòtò Sàngó kí wọ́n tó bèèrè owó lọ́wọ́ mi.” Kòtò wà lóòótọ́, ewúrẹ́ lè rì sínú òmíràn. Àmọ́ ẹni tó ń rí sí kòtò tó báyẹn, bàtà ni ì bá dẹ́kun rírà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbé iṣẹ́ bẹ́ǹṣì kan síta. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá. Kò ní. Wọ́n lé e bí ajá. Ó bínú wálé, ó ní nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún gbé irú rẹ̀ síta, òun gbọ́dọ̀ ti ní ìwé nílẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, “Ṣebí ìwọ náà lò ń kọ orúkọ.”

 Ọkọ mi kì í sọ ọ̀rọ̀ ibi tán. Á sọ ọ́ dé ìdajì, á fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mi. Èmi náà á sì bá a parí rẹ̀. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Ẹ má rò pé mo fẹ́ ti gbogbo rẹ̀ sí i lọ́rùn.

Lópin oṣù yẹn, mo jókòó, mo ń wo orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Mi ò lè fọwọ́ kan ti ọ̀gá. Mi ò lè fọwọ́ kan ti àwọn tó kàwé, wọ́n lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá Ráliátù ò kàwé. Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Mo sì mọ àṣírí rẹ̀. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ kí n torí rẹ̀ ṣàánú rẹ̀ ni mo torí rẹ̀ mú un.

Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo fi orúkọ ọkọ mi sí i. Owó oṣù rẹ̀ ò yàtọ̀. Wọ́n ń yọ owó orí lára rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, ó sì wà nínú ìwé owó oṣù tí mo ń fún un. Owó náà ń jáde láti inú òógùn rẹ̀, ó ń lọ sí orúkọ ọkọ mi. Mo ní oṣù díẹ̀ ni màá ṣe é. Ọdún mẹ́ta ni mo ṣe é.

Ohun tó ń kó mi nírìíra jù ni bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn. Bó bá ti gba ìwé owó oṣù, á na ìka tó jóná yẹn sí ibi tí mo kọ owó orí sí. Á ní, “Màdáàmù, ìjọba ti jẹ tiwọn?” Èmi á ní, “Wọ́n ti jẹ ẹ́ o, Bàbá Ráliátù.” Á rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó ń san owó orí lè bá gómìnà jiyàn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, eyín mi gan-an kó mi nírìíra báyìí.

Nínú ọdún kẹta, tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Joju jóná. Ẹgbẹ́ àwọn onílé fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n ní á dára kí ẹni tó máa síwájú àwọn jẹ́ ẹni tó ń san owó orí. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Ọkọ mi dìde, ó fa ìwé yọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í jẹ alága lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, wọ́n fún un ní àwo ẹ̀yẹ kan, onígíláàsì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òun ni aráàlú rere tó ń san owó orí rẹ̀ déédéé. Ó gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo ń nù ún. Ọjọ́ kan wà tí mo tutọ́ sí aṣọ ìnulẹ̀ kí n tó fi nù ún. Ó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó rí iṣẹ́ bẹ́ǹṣì gbà? Kò rí i gbà. Wọ́n tún gbé e síta lóòótọ́, ó kó ìwé rẹ̀ lọ, wọ́n gbé e fún àbúrò ẹnì kan. Wọn ò tilẹ̀ ṣí fáìlì rẹ̀.

Ráliátù ló kàn báyìí. Òun ni àkọ́bí wọn. Ọmọ náà mọ̀wé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n gbà á síléèwé àwọn nọ́ọ̀sì. Inú Bàbá Ráliátù dùn débi pé ó pín bisikíìtì yí iléeṣẹ́ ká. Iléèwé náà ní kí ọmọ mú ìwé owó orí bàbá rẹ̀ wá, ti ọdún mẹ́ta, kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó pé. Àwọn bàbá yòókù ń sáré kiri. Òun ò sáré. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun ní láyé nìyẹn.

Ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Wọ́n wo inú kọ̀mpútà, wọ́n ní kò san kọ́bọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò. Wọ́n ní gbèsè ọdún mẹ́ta ló jẹ, pẹ̀lú owó ìtanràn. Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ́rìn-ín.

Ó gba ọ̀dọ̀ mi wá tààrà. Ó kó gbogbo ìwé owó oṣù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó tò wọ́n sórí tábìlì mi. Ó ní, “Màdáàmù, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin náà ṣáà ni ẹ̀ ń yọ ọ́.”

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n sọ òótọ́. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ò tíì pé. Ká ní mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí lọ́jọ́ kejì, tí mo ní àṣìṣe ni, wọn ì bá tún un ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wá àwáwí, mo mọ̀.

Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, “Bàbá Ráliátù, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹ rántí káàdì bùrọ̀dá yín?”

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé orúkọ Rájí ni owó náà ń bá lọ látọjọ́ yìí. Mo ní tó bá pariwo, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n á rí i pé orúkọ olórúkọ ló fi wọṣẹ́. Wọ́n á lé e, wọ́n sì lè fi ọlọ́pàá mú un.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, “Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.” Mo jà á lólè, ó tún ń bẹ̀ mí kí n bo òun láṣìírí. Mo sì ní, “Ó dáa, ẹ dìde.” Bí ẹni tó ń dárí jini ni mo ṣe sọ ọ́.

Mo gbà á níyànjú pé kó lọ san án bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú ìtanràn. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀, èyí tó fi ń gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́. Mo tẹ̀ lé e lọ. Mo ń fi òyìnbó bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ṣàánú bàbá yìí, kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Òun dúró lẹ́yìn mi, ó ká fìlà sọ́wọ́. Wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó ìtanràn náà. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ra míńrà tútù fún mi. Mo mu ún tán.

Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹja àrọ̀ yíyan wá sílé wa láti fi dúpẹ́. Ẹja ńlá, ó ká a bí òrùka. Mo fi se ẹ̀fọ́. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó ní ẹja yìí dùn, ta ló fún wa? Mo ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ ni. Kò bèèrè orúkọ ẹni náà. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn aláta kọjá tí mo gbọ́ òórùn ẹja yíyan, màá fi aṣọ bo imú.

Ìwé owó orí náà pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé iléèwé, wọ́n ti pa ìforúkọsílẹ̀ dé, wọ́n ti fi ọmọ mìíràn sí ààyè Ráliátù. Wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà fi dé, kò sí ọ̀kadà mọ́, kò sí owó, àwọn àbúrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ náà gba iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì kan ní Ilo-Awela. Ibẹ̀ ló wà títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà yẹn. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀yìn kọ́. Mo ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì níwájú ilé wa báyìí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ì bá sùn síbẹ̀. Àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí rédíò pé kí oníkálukú lọ sọ iye tó ń wọlé fún un, kí wọ́n ṣírò owó orí rẹ̀, ẹni tó bá jẹ gbèsè á san, ẹni tó bá san lé á gba tiẹ̀ padà. Ọkọ mi alága, aráàlú rere, òun ló kọ́kọ́ lọ ládùúgbò. Ó parọ́ fún wọn pé owó tó ń wọlé fún òun kò tó nǹkan. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ní èyí tó wà lórúkọ rẹ̀ látẹ̀yìnwá pọ̀ ju èyí tó yẹ kó san lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, títí wọ́n fi san án fún un.

Ó ń jó, ó ní, “Ọlọ́run ò sùn!” Mo ti balùwẹ̀ dáhùn pé lóòótọ́ ni, kò sùn.

Nígbà tí mo jáde, mo ní kó gbé owó náà fún ẹni tó ni ín. Ó ní òun ló ni ín, ṣebí orúkọ òun ló wà níbẹ̀. Mo ní Bàbá Ráliátù ló ni ín. Ó wò mí, ó ní, “Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Látọjọ́ yìí, kò mọ orúkọ ọkùnrin náà. Kò bèèrè rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọ̀kadà, ti ọmọ, ti ẹja. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo rò pé àánú ló ń ṣe é. Ó ní, “Má fi ẹnu rẹ kó bá wa o. Tó bá dọ̀rọ̀, ìwọ lo kọ ọ́, kì í ṣe èmi.” Ó tún padà sídìí fóònù rẹ̀, ó ń wo àwòrán àga aláwọ tó fẹ́ fi owó náà rà.

Kò pẹ́ sí i, Bàbá Ráliátù fúnra rẹ̀ dé. Òun náà ti gbọ́ ti rédíò. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, aṣọ iléeṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí mi tán, ó ní, “Màdáàmù, wọ́n ní ìjọba ń dá owó padà fún ẹni tó san án lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó pé èmi náà san án lẹ́ẹ̀mejì, a yọ ọ́ níbi iṣẹ́, mo tún lọ san án. Ṣé ẹ lè bá mi wo tèmi nínú fóònù yín? Ráliátù ló ní òun fẹ́ tún iléèwé yẹn gbìyànjú.”

Ọkọ mi jókòó ní pálọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwo ẹ̀yẹ wà lókè orí rẹ̀. Mo ń tẹ fóònù. Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo ń fi ìka yí ojú rẹ̀ kiri ni. Mo ní, “Wọn ò rí i, Bàbá Ráliátù. Kò sí níbẹ̀.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ó dáa náà. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á látọjọ́ tí mo ti gbé káàdì ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn jẹun, bó pẹ́ bó yá, á bì í.”

Ara rẹ̀ ló ń bá wí o. Ara rẹ̀!

Ó wá yọjú sí ọkọ mi, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Alága, mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń san owó orí jù ládùúgbò yìí. Ọlọ́run á jẹ́ ká pọ̀ bíi yín.” Ọkọ mi ní, “Àmín.” Ó sọ ọ́ ketekete. Ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

Èébì tún gbé mi. Mo jókòó títí ó fi lọ, mo wá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilo-Awela láti ra oògùn. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú mi, mi ò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ráliátù wà nínú aṣọ funfun kan tó tóbi jù ú lọ. Ó ní, “Mọ́mì, ojú yín ò dáa o.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó ní kí n jókòó. Ó bu omi fún mi. Ó ní kí n má jẹ ohun ọlọ́ràá fún ọjọ́ méjì, kí n sì padà wá tí kò bá lọ. Ó dúró tì mí títí mo fi gbé oògùn náà mì. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo fi ìwé dí i lọ́nà.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù ọkọ mi. Owó náà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì ra àga. Mo lè fi í ránṣẹ́ sí Bàbá Ráliátù nísinsìnyí kí n sì pa ẹnu mọ́. Mo ti rò ó dáadáa. Tí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀, á rò pé ìjọba ló san án. Á rántí pé èmi ni mo bá òun wò ó nínú fóònù. Á sì tún gbé ẹja wá fún mi.

Mi ò lè jẹ ẹja yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi, mo mọ̀. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Àmọ́ ọkọ mi ti sọ ọ́ pé èmi nìkan ni màá rù ú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tì mí mọ́lé. Àwọn ọmọ mi ò mọ nǹkan kan, wọ́n ń fi àwo ẹ̀yẹ yẹn yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ilé Bàbá Ráliátù ni kí n lọ, lójú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, àbí ọ́fíìsì owó orí ni kí n kọ́kọ́ lọ? Tí mo bá dé iwájú ọmọbìnrin yẹn, kí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ? Mi ò sọ pé kí ẹ má bú mi. Ẹ bú mi, kí ẹ sì dá mi lóhùn. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, kí ó ṣe é.

Mo fẹ́ fi orúkọ mi sísàlẹ̀ ìwé yìí. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ṣe ohun tó wù mí. Tèmi rèé, mi ò lè kọ ọ́.